Bí ẹ ṣe máa wo iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń hù lọ́wọ́ lára ọmọ zebrafish

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ láàbù tí wọ́n ti ń fi zebrafish ṣèwádìí iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ sún mọ́bí. Ohun tí wọ́n kọ sínú protocol kọ́ ló máa ń da èèyàn láàmú o, ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ ni. Láti ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ máa kó takọtabo ẹja pọ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, títí dìgbà tí fídíò á fi wọ kọ̀ǹpútà yín, ohun tí màá sì máa tẹnu mọ́ títí tó fi máa sú yín ni ọjọ́ orí ọlẹ̀. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú ohun táwọn èèyàn ń gbé wá sí lab meeting pé "iṣan ẹ̀jẹ̀ ò hù dáadáa" ò ju pé ọlẹ̀ yẹn ò tíì dàgbà tó lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ zebrafish? Ẹja tí ò tó ìka ọwọ́ ni, Danio rerio lorúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, inú omi Íńdíà, Nepal àti Bangladesh ló ti wá, àwọn tó ń fi ẹja ṣe ọ̀ṣọ́ sínú ilé náà mọ̀ ọ́n dáadáa. George Streisinger ló gbé e wọ láàbù ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ẹ̀ tó lókìkí jù jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 1981, nígbà tó sì fi máa di 1996, àwọn ará Tübingen ní Jámánì tí Christiane Nüsslein-Volhard jẹ́ ọ̀gá wọn, àtàwọn ará Boston, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mutant, ìyẹn ẹja tí jíìnì ẹ̀ ti yí padà, síta. Ìta ni ìyá ẹja máa ń yé ẹyin sí, ara ọlẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé ẹ máa rí ọkàn ẹ̀ tó ń lù láì fi abẹ kàn án. Èyí tó wú èmi lórí jù ni pé kódà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá lọ rárá lára ẹ̀, ó ṣì lè wà láàyè fún ọjọ́ bíi mélòó kan, torí pé oxygen ń gba ara ẹ̀ wọlé látinú omi, ọmọ eku tó wà níkùn ìyá ẹ̀ ò lè dán irú ẹ̀ wò, á ti kú kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ka gbogbo jíìnì ẹ̀ tán lọ́dún 2013, wọ́n rí i pé nǹkan bíi 70 nínú 100 jíìnì èèyàn ló ní ẹnì kejì lára ẹja yìí.

Tí wọ́n bá bi yín nílé pé kí ni ẹ ń fi ẹja wò, ẹ sọ fún wọn pé àrùn jẹjẹrẹ ò lè tóbi tí ò bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó máa gbé oúnjẹ wá fún un, dókítà Judah Folkman ti sọ ọ́ láti 1971, àti pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó hù síbi tí ò yẹ wà lára ohun tó ń fọ́ ojú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ó ti tó wọn.

Ó ku ẹja wo lẹ máa lò. Lọ́dún 2001, àwọn ará láàbù Brant Weinstein ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ní Bethesda, ṣe àwòrán gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹja yìí, ń ṣe ni wọ́n ń gún nǹkan tó ń tàn sínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó lè rí i, iṣẹ́ suúrù gbáà. Ọ̀nà yẹn ò sì lè fi iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì dé inú ẹ̀ hàn. Lọ́dún 2002, Nathan Lawson àti Weinstein wá gbé ẹja kan jáde tí wọ́n ń pè ní fli1:EGFP, tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń tàn bí ewé tútù, ẹ̀jẹ̀ ì báà lọ, kó má lọ. Wàhálà kékeré tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lágbègbè àgbọ̀n náà ń tàn, torí náà tó bá jẹ́ orí lẹ fẹ́ wò, ẹja míì tó ń jẹ́ kdrl:GFP ni kẹ́ ẹ mú, òun mọ́ ju ìyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú iṣan náà, ẹ fi gata1:dsRed kún un, òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tàn lọ́tọ̀.

Ó yá, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Àpótí tí wọ́n fi ń gba ẹyin máa ń ní méjì nínú ara wọn, ti inú ní ihò nísàlẹ̀ kí ẹyin lè já bọ́ sí ti ìta, torí àwọn ẹja yìí máa jẹ ẹyin wọn o, wọn ò mọ ọmọ. Akọ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ara ẹ̀ pọ́n díẹ̀, abo ní tiẹ̀ ní ikùn roboto. Ẹ kó wọn sínú àpótí kan náà àmọ́ kẹ́ ẹ fi ike pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ di àárọ̀. Iná yàrá ẹja gbọ́dọ̀ máa wà ní títàn fún wákàtí 14, kó kú fún 10, torí ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ lójú wọn ni wọ́n máa ń yé. Ní àárọ̀ tíná bá ti tàn, ẹ yọ ike yẹn, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ yọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní kí ló kan ike, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣeré lálẹ́, wọ́n ṣáà máa yé. Wọ́n máa yé lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago mélòó? Ẹyin tí wọ́n yé láago mẹ́jọ àtèyí tí wọ́n yé láago mẹ́wàá á jọ wà nínú abọ́ kan náà, ní ọjọ́ kejì wákàtí méjì yẹn tó kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti dé àárín ẹ̀yìn kí èkejì má tíì yọrí.

Asẹ́ tíì lásán ni kẹ́ ẹ fi gba ẹyin, ẹ ṣàn án dáadáa kí ìgbẹ́ ẹja kúrò, kẹ́ ẹ dà á sínú omi E3. NaCl 5 mM, KCl 0.17 mM, CaCl2 0.33 mM àti MgSO4 0.33 mM ló wà nínú E3, pẹ̀lú methylene blue táńtán kí èbu má bo ẹyin. Ẹ má kó ju nǹkan bí 50 sí 60 sínú abọ́ kan, tí wọ́n bá ti há jù, wọ́n máa ń pẹ́ dàgbà, ọ̀rọ̀ tá à ń sọ náà nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó gbé wọn wọ incubator, ẹ fi ojú wò wọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹyin tó gba àtọ̀ máa pín sí méjì láàárín ìṣẹ́jú 45, lẹ́yìn ìyẹn á máa pín ní gbogbo nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, tó fi jẹ́ pé ní wákàtí kan ó yẹ kó ti pé sẹ́ẹ̀lì 4, ní wákàtí kan ààbọ̀ kó pé 16, ní wákàtí méjì kó pé 64. Èmi fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an torí pé ọlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń sọ aago tí wọ́n yé e fún yín. Nígbà tó bá di ọ̀sán, ẹ kó gbogbo èyí tó ti funfun bí ìyẹ̀fun dànù, wọ́n ti kú, wọ́n á sì ba omi jẹ́ fáwọn yòókù.

Ìwọ̀n ooru ńkọ́? 28.5°C ni gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan sí, gbogbo wákàtí tẹ́ ẹ bá kà nínú ìwé, 28.5 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Charles Kimmel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Oregon ló kọ ìwé tí gbogbo wa fi ń mọ ọjọ́ orí ọlẹ̀, lọ́dún 1995, wọ́n sì fi ìṣirò kan síbẹ̀: ẹ fi 0.055 ṣe ìlọ́po ìwọ̀n ooru, ẹ yọ 0.57, kẹ́ ẹ fi ohun tó kù pín iye wákàtí tó wà nínú ìwé. Ẹ bá mi ṣe é fún 25°C. Ọlẹ̀ tó yẹ kó pé wákàtí 24 máa gbà tó wákàtí 30 kó tó débẹ̀. Ní 33°C, á ti débẹ̀ láàárín wákàtí 19. Ẹ wá rò ó wò, ilẹ̀kùn incubator tẹ́nì kan ṣí sílẹ̀ nígbà tó ń wá abọ́ tiẹ̀, abọ́ tẹ́ ẹ gbé sórí tábìlì nígbà tẹ́ ẹ lọ jẹun, gbogbo ẹ̀ ló ń yọ wákàtí lára ọlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má gbára lé aago ara ògiri. Somite ni kẹ́ ẹ kà. Àwọn ègé ẹran tó tò tẹ̀lé ara wọn ní ẹ̀yìn ọlẹ̀ ni, láti ẹ̀yìn etí lọ dé ìrù, tẹ́ ẹ bá dá ọlẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ máa rí wọn kedere, tó bá yá wọ́n á tẹ̀ bíi lẹ́tà V tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní wákàtí 18 ó máa ń jẹ́ 18, ìyẹn rọrùn láti rántí, ní wákàtí 22 ó máa ń jẹ́ 26, tó bá fi máa di wákàtí 24 ó ti ń lọ sí 30. Ẹ ka ọlẹ̀ bíi mélòó kan nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ọ̀kan ṣe gbogbo wọn. Lẹ́yìn wákàtí 24, somite ò ràn yín lọ́wọ́ mọ́, orí ni kẹ́ ẹ wá máa wò, torí pé ó máa ń tẹ̀ mọ́ inú níbẹ̀rẹ̀, á wá máa nà díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣe nà tó lẹ ṣe máa mọ bó ṣe dàgbà tó.

Kó tó pé wákàtí 24, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi PTU, kẹ́míkà tó ń dí àwọ̀ lọ́wọ́, sínú omi ẹ̀, 0.003 nínú 100, kí àwọ̀ dúdú má bo iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ yín lójú. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó fi sí i, dúdú tó ti jáde ò ní padà wọlé jàre. PTU náà kì í ṣe omi lásán o, ó máa ń jẹ́ kí ojú ẹja kéré, ó sì ń da thyroid ẹ̀ láàmú, nítorí náà èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe àfiwé gbọ́dọ̀ wà nínú PTU kan náà láti aago kan náà. Láàbù tó bá ní casper, ìyẹn ẹja tí àwọ̀ dúdú ò sí lára ẹ̀ àyàfi nínú ojú, ò nílò wàhálà yìí.

Ibi tọ́wọ́ ti máa ń gbọ̀n ni gbígbé ọlẹ̀ sínú agarose, ìyẹn nǹkan tó ń dì bíi jẹ́lì tó máa mú un dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi forceps No. 5 méjì bó èèpo ẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀kan mú èèpo náà dúró, kẹ́ ẹ fi èkejì ya á, ọlẹ̀ á yọ́ jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnu irin kan pupa ẹyin tó wà níkùn ẹ̀, tí ìyẹn bá ti bẹ́, ó ti parí. Ẹ yan àwọn tó ń tàn dáadáa. Ẹ fi Tricaine kùn wọ́n lóorun, mílílítà 4.2 látinú èyí tẹ́ ẹ ti pò ní 4 mg/ml, sínú omi mílílítà 100. Agarose tó ń yọ́ ní ooru díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, 0.5 sí 1 nínú 100, ẹ yọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó rọ̀ sí nǹkan bí 38 sí 40°C, kẹ́ ẹ fi Tricaine sínú òun náà. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti se ẹja nìyẹn.

Ẹ fi pipette fa ọlẹ̀ kan, kí omi tó bá a wọlé má pọ̀, torí omi yẹn ló ń ba agarose jẹ́ tí ò fi ní dì. Ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ já bọ́ látẹnu pipette sínú agarose, kẹ́ ẹ wá fà á padà pẹ̀lú agarose, kẹ́ ẹ kán an sórí abọ́ tó ní gíláàsì nísàlẹ̀. Ẹ ní bí ìṣẹ́jú kan péré báyìí kó tó dì. Irun ìpéǹpéjú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni irinṣẹ́ tó dáa jù fún èyí, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa rà tó máa rọ̀ tó o. Ẹ fi yí i títí tó fi máa dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ni pé ojú méjèèjì bo ara wọn tó fi dà bíi pé ojú kan ló ní. Tó bá ti dì, ẹ bu E3 tó ní PTU àti Tricaine lé e. Tó bá jẹ́ àṣemọ́jú lẹ fẹ́ ṣe, ẹ fi abẹ gé agarose kúrò níwájú ìrù ẹ̀, torí ìrù yẹn ṣì ń gùn lọ, tó bá kan ògiri á wọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á wọ́ tẹ̀lé e, ẹ̀yin á sì rò pé ẹ ti rí nǹkan tuntun. Kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ wo ọkàn ẹ̀. Tricaine tó bá pọ̀ máa ń mú kí ọkàn fà, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ìyẹn fúnra ẹ̀ sì ń yí bí iṣan ṣe ń dàgbà padà.

Confocal tàbí light sheet, oríṣi máíkírósíkóòpù méjì tó ń fi laser ya àwòrán, èyí tẹ́ ẹ bá ní. Laser 488 ló ń mú GFP, ìyẹn purotéènì tó ń tàn lára ẹja náà, tàn. Ẹ dín agbára laser kù títí tí àwòrán á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ burú lójú yín, kẹ́ ẹ dá a dúró síbẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù ń pa sẹ́ẹ̀lì lára. Àwòrán kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó láti tẹ̀lé bí iṣan ṣe ń hù. Kí ibi tí abọ́ wà náà jẹ́ 28.5°C o, kì í ṣe incubator nìkan.

Ibo lẹ máa wò? Kì í ṣe ibi tó wù yín. Iwájú ẹja máa ń dàgbà ṣáájú ẹ̀yìn, iṣan tó wà nítòsí orí ti lè dé òkè nígbà tí èyí tó wà nídìí ìrù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, nítorí náà ẹ mú ibì kan, kẹ́ ẹ má kúrò níbẹ̀ lára gbogbo ẹja. Òkè ibi tí pupa ẹyin tó nà sẹ́yìn ti parí ni èmi máa ń mú, torí kò ṣòroó dá mọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí rèé. Láàárín wákàtí 20 sí 22, lára aorta, ìyẹn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látọ̀dọ̀ ọkàn, sẹ́ẹ̀lì kan á yọ orí jáde láàárín somite kan àti èkejì. Tip cell ni wọ́n ń pè é. Á ju àwọn ìka tín-ín-rín síta, filopodia lorúkọ wọn, á máa nà wọ́n síbí, á ká wọn kò, á tún nà wọ́n sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ògiri nínú yàrá tí NEPA ti mú iná lọ. VEGF ló ń pè é gòkè, purotéènì kan ni, ara somite ló ti ń jáde wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà ń gbọ́ VEGF yẹn, àmọ́ purotéènì míì tó ń jẹ́ Notch ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, aṣáájú kan ti tó. Arndt Siekmann àti Lawson fi hàn lára ẹja yìí gan-an lọ́dún 2007 pé tẹ́ ẹ bá pa Notch, kálukú á fẹ́ ṣe aṣáájú, iṣan á wá pọ̀ yànmùyànmù. Tí tip cell bá dé òkè ẹ̀yìn, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á so mọ́ ti aládùúgbò ẹ̀, nígbà tó bá fi máa di nǹkan bíi wákàtí 30 sí 32 iṣan gbọọrọ kan á ti wà lókè látìwájú dé ẹ̀yìn. Ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní nǹkan bíi wákàtí 24, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń lọ nínú àwọn iṣan ńlá.

Ẹ má pa máíkírósíkóòpù o, ó ku. Láti nǹkan bíi wákàtí 32 sí 36, ọ̀wọ́ kejì á tún yọ, lára vein ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn, Vegfc, ìbátan VEGF, ló ń pe àwọn wọ̀nyí. Nǹkan bí ìdajì wọn á so mọ́ iṣan tó ti wà ńlẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di vein, àwọn yòókù á di ìpìlẹ̀ iṣan lymph, tó ń fa omi ara padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń dá fídíò dúró kó tó débí, àánú wọn máa ń ṣe mí, torí ibí gan-an ni mo rò pé iṣẹ́ ṣì kù sí jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ti mọ́lẹ̀, ẹ fi SU5416 dán ara yín wò, oògùn tó ń dí VEGF lójú ọ̀nà. Ẹ fi sínú omi ọlẹ̀ kan ní wákàtí 18, ẹ fi DMSO, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po oògùn náà, tó jẹ́ iye kan náà sínú omi àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ tó kù, kẹ́ ẹ wo gbogbo wọn ní wákàtí 30. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1 µM, kẹ́ ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tí oògùn bá ṣiṣẹ́, aorta á wà, iṣan àárín somite á dín kù tàbí kó má sí rárá, ara ọlẹ̀ yòókù á sì jọ ti àwọn ọmọ ìyá ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí orí ẹ̀ bá ṣì tẹ̀ mọ́ inú ju tiwọn lọ, tí ìrù ẹ̀ kúrú, ẹ má tíì yọ̀, ẹ ti fún un ní májèlé díẹ̀, ó sì ti pẹ́ dàgbà. Irú ẹ̀ la gbọ́dọ̀ fi wé ọlẹ̀ tó kéré lọ́jọ́ orí tí orí ẹ̀ tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti aago kan náà.

Lórí jíìnì, ọ̀rọ̀ pọ̀, màá sọ ọ̀kan. Àtijọ́, morpholino ni gbogbo èèyàn ń gún sínú ẹyin láti fi pa jíìnì lẹ́nu mọ́. Àwọn tó fi í pa egfl7 lẹ́nu mọ́ rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́ gan-an. Ìgbà tí láàbù Didier Stainier, ní Bad Nauheim ní Jámánì, wá gé jíìnì náà fúnra ẹ̀, ẹja tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan tó ṣe é. Lọ́dún 2015 wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ pé tí jíìnì náà bá ti bà jẹ́ pátápátá, àwọn jíìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní emilin máa ń dìde láti bo àṣírí ẹ̀, morpholino kì í sì jí wọn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi CRISPR, irinṣẹ́ tó ń gé jíìnì, ṣe mutant, kẹ́ ẹ má sì mọ èyí tó jẹ́ mutant títí tẹ́ ẹ fi máa wọn iṣan tán. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọmọ ìyá kan náà, ẹ wọ̀n wọ́n ní Fiji, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn àwòrán, ọ̀fẹ́ ni, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ ṣe genotype, ìyẹn kẹ́ ẹ yẹ jíìnì wọn wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, iye ẹja lẹ máa kà, kì í ṣe iye iṣan. Iṣan 10 lára ẹja kan, ẹja kan náà ni.

Ẹni tí ò bá ní confocal, kó má rò pé kò sóhun tóun lè rí. Máíkírósíkóòpù tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé ti tó láti wo ìrù ọmọ ẹja ọlọ́jọ́ méjì, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á máa tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan nínú iṣan, ẹ lè fi fóònù ká a kẹ́ ẹ fi rọra ka iye tó ń kọjá.

Ní Yúróòpù, òfin ẹranko inú láàbù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ ẹja látìgbà tó bá ti lè jẹun fúnra ẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 5, ibòmíì ní òfin tiwọn, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, Tricaine tó pọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pa wọ́n, lẹ́yìn náà bílíìṣì. Orúkọ fáìlì náà ńkọ́: irú ẹja, ọjọ́, aago tẹ́ ẹ yọ ike, iye somite tẹ́ ẹ kà, ìwọ̀n ooru, oògùn àti iye ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni kó wà lórí ẹ̀. Ẹ má pe fáìlì kankan ní "fish_final2".